Kí Bàbá Tó Buwọ́ Lu Òfin Ajá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìsinmi láti ìgbà tí èmi oníjàngbọ̀n ti kúrò nílé. Mo kí Bàbá mi, alága àwọn onílé. Mo mọ̀ pé bí Àṣàbí àbúrò mi bá ti ń ka lẹ́tà yìí fún yín, Bàbá á máa nu jígí ojú wọn bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Ìyá Àgbà. Ibi tí mo wà jìnnà, ọ̀pá wọn ò lè tó mi. Ẹ má wo bí mo ṣe kọ̀wé, ẹ mọ ibi tí mo bá ìwé dé.

Ara mi le. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Múfú, àbúrò yín, ni mo ṣì wà tí a ti ń ta èlò ọ̀kadà. Ọyẹ́ ti dé sí Kétu. Bí mo bá wẹ̀ láàárọ̀, kò ní tó ọ̀sán tí eruku á fi sọ mí di pupa bí ìyàwó tí wọ́n fi osùn kùn. Ohun tó ń ṣe mí ni pé kò sẹ́ni níbí tó mọ àwọn tí mò ń sín jẹ. Mo húkọ́ bí Bàbá ṣe máa ń húkọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ṣé òtútù mú mi ni. Owó díẹ̀ tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, ẹ fi ra ọṣẹ.

Màámi, ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Àṣàbí ní ajá kan gé ọmọ kan jẹ ní àdúgbò wa, àwọn onílé sì fẹ́ kó gbogbo ajá tó ń rìn kiri, kí wọ́n pa wọ́n. Ó ní ó ku kí Bàbá buwọ́ lu òfin náà. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbí.

Ọgbà kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa tí mẹrí, ìyẹn ìjọba ìlú, ń kó ẹran tó bá ń ṣáko sí. Tẹ́lẹ̀, bí ọjà bá ná lẹ́ẹ̀kan tí ẹni tó ni ajá ò yọjú, pípa ni. Àǹtí Josẹlínì àti ẹgbẹ́ wọn, tó ń tọ́jú ẹran tí kò lẹ́ni, ló bẹ mẹrí títí òfin fi yí padà. Ní báyìí ó di ọjà kejì. Ẹni tó ni ajá á dúró lójú gbogbo èrò, á pè é lórúkọ. Bí ajá bá dáhùn, á mú un lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó pè é, ẹgbẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ pa ajá tí ara rẹ̀ le. Mẹrí tún ń fún ẹgbẹ́ ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Wọ́n wá mú ajá pupa kan. Ìyá Sàlámì ló ni ín, ìyá arúgbó tó ń ta epo. Bàbá Sùlè, ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà, mọ̀ ju gbogbo wa lọ, torí ògiri kan ló pààlà ilé àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ omi gọ́tà sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ: ohun tí a ò lè sọ lójú aládùúgbò, a ó fi pe ajá. Ìyá sọ tiwọn ní Ojúòtìwọ́n. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á ké e.

Nígbà tí Ìyá dé ọgbà, ajá ń fi ìrù na ilẹ̀. Ìyá wo ajá, wọ́n wo Bàbá Sùlè lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo èrò. Wọ́n ní ewúrẹ́ làwọn ń wá. Bàbá Sùlè ní kò sí ewúrẹ́ o, Màmá, àfi tí ẹ bá ní ẹlòmíì tí ẹ fẹ́ pè. Ìyá yí padà.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ní kí ló dé. Omi ti lé ròrò lójú wọn.

“Orúkọ tí mo fi ń bú ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ògiri, ṣé kí n wá dúró níwájú rẹ̀ kí n máa pè é? Ọmọ mi, ẹnu mi ò gbà á.”

Wọ́n ní láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, ajá yẹn nìkan ló ń bá àwọn gbélé.

Ẹ mọ èmi. Mo lọ sẹ́yìn ọgbà, mo fi ohùn Ìyá ké orúkọ náà, mo fà á bí wọ́n ṣe máa ń fà á. Ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn. Èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá Sùlè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó wá fà mí létí. Wọ́n ní ẹni tó ni ajá ni òfin wí, kì í ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ọjà àkọ́kọ́ kọjá. Àǹtí Josẹlínì gún ajá náà lábẹ́rẹ́, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, kò jẹ. Mo rí Bàbá Sùlè tí wọ́n rọra ń sún omi mọ́ ọn. Mo tún gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Bọ̀dá Múfú pé ilé Ìyá Sàlámì ti dákẹ́ jù, pé oorun ò kùn àwọn dáadáa mọ́.

Nígbà tí ọjà kejì ná, Àǹtí Josẹlínì ti mú okùn dání láti gba ajá fún ẹgbẹ́. Ìyá wà lẹ́yìn èrò, wọ́n fi ìborùn bojú. Bàbá Sùlè bá dìde lórí àga, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn pè é ketekete: Ojúòtìwọ́n. Ajá dìde, ó lọ bá wọn. Ẹ̀rín sọ láàárín èrò.

“Kí lẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín sí? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lórí ògiri, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n pè ni?”

Wọ́n mú ajá gba àárín èrò kọjá, wọ́n fi okùn lé Ìyá lọ́wọ́. Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá Sùlè ní kí wọ́n má kúnlẹ̀, kí wọ́n ṣáà lọ kó ìdọ̀tí gọ́tà.

Màámi, ká ní òfin àtijọ́ ni, wọn ì bá ti pa ajá yẹn kí ìtìjú Ìyá àti ìbínú Bàbá Sùlè tó rọ̀. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò pè lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ ló kó wọn. Ọ̀kan ti ń ṣọ́ ọgbà ilé ìwé báyìí.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Kí wọ́n so ajá tó gé ọmọ náà jẹ lọ́tọ̀, kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn yòókù, kí wọ́n fún wọn ní ọjà méjì, kí wọ́n sì fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn. Bàbá mọ àwọn ajá yẹn, wọ́n mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń jẹun. Òfin tí a kọ lónìí, a lè tún un kọ lọ́la. Ajá tí a bá pa, a ti pa á nìyẹn.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti ohun ọ̀sìn yín sí. Ọgbẹ́ ọmọ náà á jinná, ẹ̀rù ajá ò ní gbé ara rẹ̀. Ẹ kí gbogbo onílé, ẹ kí ẹni tó bèèrè mi àtẹni tí kò bèèrè.

Èmi ni Làmídì, ọmọ yín, ní Kétu.