Ìwé Kóòtù Tí Mo Kó Sínú Ọ̀rá

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òjòwò,
                                        Ìjẹ̀bú-Igbó.
                                        18 oṣù Kìíní, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Hasanat,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Abígí? Bàbá Waris ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ilé ló dákẹ́ jù. Mo ṣì ń se oúnjẹ ẹni méjì, màá wá jẹ èyí tó ṣẹ́kù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé ìròyìn Aqeelah lo ń retí. Ó ti pé oṣù méje tí Ìdrís, bàbá rẹ̀, mú un lọ ṣọdún Iléyá ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí kò dá a padà. Kóòtù tiwa níbí ti ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ìwé ìjọba ni ìwé ìjọba, kò síbi tí wọn ò ní gbà á. Àwọn ọlọ́pàá Ẹdó ní ó dìgbà tí kóòtù tiwọn bá forúkọ ìwé náà sílẹ̀ kí àwọn tó lè bá mi gba ọmọ.

Mo gbé e dé kóòtù wọn. Wò ó, fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọjọ́ tí mo gba ìwé náà ni mo ti lọ ṣe é ní lámínéètì l'Ágọ̀-Ìwòyè, kí òjò má baà pa á. Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn! Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ lé e, tàdáwà kò mú, ó kàn ń yọ̀ kiri.

"Màmá," ó ní, "òǹtẹ̀ wa ò lè mú lórí ọ̀rá. Ẹ lọ gba òmíràn wá."

Mo sunkún níwájú rẹ̀, Hasanat. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo gba tuntun, mo tún lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n forúkọ ìwé náà sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni ọlọ́pàá yóò sìn mí lọ mú ọmọ mi. Nígbà tí Ìdrís gbọ́, ó pè mí lánàá, ó gbé fóònù sí ọmọ náà létí. Mo ní, "Aqeelah mi!" Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, mi ò bá a wí. Ó ní, "Ẹ káàsán, àǹtí."

Jọ̀ọ́, bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé. Bó bá sá fún mi níwájú wọn, mi ò fẹ́ dá nìkan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Bá mi kí Bàbá Waris àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,

Haneefah