Màámi Ni Mo Kọ Síbẹ̀

Talladjé, ní ìlú Niamey, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Mo gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì tí mo ti ń lò láti ayé sáíbà-kafé, ibẹ̀ sì ni àwòrán ìkẹyìn tí Màámi yà kó tó kú wà. Ẹ̀rọ ní kí n tó lè yan pásíwọ́ọ̀dù tuntun, kí n tẹ orúkọ ìyá mi, bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣí ímeèlì náà. Ọmọ mi, Fadékẹ́, tẹ orúkọ àbísọ ìyá àgbà rẹ̀. Kò ṣí.

Mo já fóònù gbà, mo tẹ "Màámi". Ó ṣí gbayawu!

Fadékẹ́, tó máa ń fi Faransé pè mí ní màmá, ní: "Maman, ìyẹn kì í ṣe orúkọ o! Ẹ jẹ́ ká yí i padà."

Mi ò yí i. Ta ló bí ẹ̀rọ, tó máa ní kí n pe ìyá tó bí mi lórúkọ, bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni?

Mo wá yọjú wo fóònù Fadékẹ́ fúnra rẹ̀. Orúkọ wo ló kọ sí nọ́ńbà mi?

"Maman."