Àkànní Inú Kọ̀ǹpútà

Bódìjà, Ọjọ́ Ẹtì

Nítorí ẹ̀rù pé mo lè gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo dáhùn ìbéèrè tó máa fi dá mi mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé: orúkọ wo ni wọ́n fi ń pè ọ́ ní kékeré? Mo kọ Àkànní.

Àfi bí ìyàwó mi ṣe lọgun láti ilé ìdáná: "Àkànní o, ẹ wá jẹun!" Ìdáhùn àṣírí mi rèé! Gbogbo àdúgbò gbọ́! Mo bẹ̀ ẹ́ kó má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ó dáa, Bàbá Dúpẹ́."

Bàbá Dúpẹ́ ni títí di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi.

Mo pa Àkànní rẹ́, mo mú ìbéèrè mìíràn: olùkọ́ tí mo fẹ́ràn jù. Mo lọ sọ fún ìyàwó mi.

"Àkànní mi, ta ló fẹ́ jí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà yẹn?"

Inú mi dùn. Àmọ́ olùkọ́ wo gan-an ni mo kọ síbẹ̀?