Kókó Orí Màmá Tí Wọ́n Ní Kò Léwu

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín kú iṣẹ́, kú àárò ilé. Ṣé ara yín le? Tèmi le bí irin. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ ròyìn.

Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n yọ kókó inú ọpọlọ Màmá tán, dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bàbá jó débi pé ilé ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Màmá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ọ̀rọ̀ ọsibítù ti parí.

Àṣé kò tíì parí. Dókítà obìnrin tó ń wo ẹran ara lábẹ́ maikirosíkóòpù pè wá. Ó ní irú kókó yìí máa ń jọra bí ìbejì. Ọ̀pọ̀ jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ó tán nìyẹn. Àmọ́ àwọn kan ń díbọ́n, wọn kì í pẹ́ tún hù. Àfi kí wọ́n yẹ àbùdá inú rẹ̀ wò, ìyẹn ohun tó ń darí bó ṣe ń dàgbà, kí wọ́n tó lè mọ ìwà rẹ̀.

Màmá fàáké kọ́rí. “Ẹ ti ní kò léwu, kí lẹ tún ń wá?”

Ni mo bá ní, “Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà máa ń gé etí aṣọ oníbàárà, tí ẹ máa ń rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó rán an? Ṣé wọ́n kọ ọ́ sójú aṣọ pé àwọ̀ rẹ̀ á ṣí ni?”

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ojú dín mi. “Ọmọ yìí, ẹnu ẹ á pa ẹ́ lọ́jọ́ kan.” Àmọ́ ó gbà.

Èsì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: ọ̀kan nínú àwọn tó ń díbọ́n ni. Dókítà obìnrin náà ní òun ò lè búra pé yóò padà, àmọ́ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń padà. Dípò kí wọ́n dúró títí ọdún kan kí wọ́n tó tún ya fọ́tò orí, ó ní ká fi ìtànṣán tọ́jú ibẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, Ajé tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ń fọ́nnu kiri àdúgbò pé èmi ni mo gba Màmá là. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín: nígbà tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú náà, ó ní kí n jókòó ti òun. Ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó ní kí n fi ìka tọ́ka ibi tí òun á ti fọwọ́ sí i.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀, á sì jẹ́ ká fojú ayọ̀ rí ara wa.

Èmi ni àbúrò yín, ọlọ́rọ̀ púpọ̀.

Mo tún rántí: Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín kí ìtọ́jú tó parí. Tí ẹ bá pè é, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ pè é kó tó di Ajé.