Ohùn Onítèmi Nínú Kámẹ́rà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ
Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú Onítèmi, ìyàwó mi. Wọ́n tún so Olófòófó mọ́ mi láyà — kámẹ́rà àwa ọlọ́pàá yẹn. Látìgbà tó ti dé, ọlọ́pàá ò gbá èèyàn létí mọ́, aráàlú náà ò sì wo ojú ọlọ́pàá mọ́. Àyà wa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá aránṣọ tó wà ní ìkóríta tiẹ̀ máa ń tún ìborí ṣe kó tó bú mi: "Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá níbẹ̀ yẹn, ẹ kú iṣẹ́ o!" Lónìí, kò bú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ara-fẹ́ra-kù." Ẹkún gbọ̀n mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. N ò lè gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn! Lóṣù tó kọjá, mo ń lé ìyá aránṣọ kúrò lẹ́bàá ọ̀nà, Onítèmi gbé kọ́kọ́rọ́ tí mo gbàgbé wá, ó bá wa dá sí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Olófòófó ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N ò ní ohùn rẹ̀ níbòmíràn — ìyàwó tó ń sá fún fídíò bí ẹní sá fún òjò.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Akọ̀wé tó ń tọ́jú fídíò káàánú mi, àmọ́ òfin ni òfin. Èyí tí kò bá lẹ́jọ́ nínú, wọ́n á pa á rẹ́ níparí oṣù yìí. Àfi bí aráàlú bá fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn. Mo ní, "Kí n fẹjọ́ ara mi sùn ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 18
Ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ mi sùn rí. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Ìgbéga mi sì wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ, mo sọ ohun tó ń dùn mí: ohùn Onítèmi, àti òfin tí akọ̀wé sọ. N ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Kò rí kámẹ́rà láyà mi, kò mọ ibi tí yóò wò. Nígbà tó yá, ó wo ojú mi.

Ọjọ́rú, 27
Oṣù ti ń parí lọ. Onítèmi, má bínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 29
Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè mí, ojú le koko. Ìyá aránṣọ ti fẹjọ́ mi sùn! Ó ní mo pariwo mọ́ òun, òun tí òun tó bí mi lọ́mọ. Kò parọ́. Ìgbéga ti wọmi nìyẹn.

Wọ́n tan fídíò. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń jágbe mọ́ àgbàlagbà, ojú tì mí gan-an. Lẹ́yìn náà — ẹ̀rín Onítèmi, àti orúkọ tó máa ń fi pè mí. "Kíákíá mi, rọra o, ọ̀rọ̀ ò le tó yẹn."

Ọ̀gá ní, "Kí lo rí sọ sí i?"

Mo ní, "Mo jẹ̀bi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."