Ọkọ̀ Òfurufú Tí Mo So Mọ́ Igi Kaṣú

Hameedat Àníkẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni gbogbo ará Okokomaiko? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́hun tó bá mi tọ́ ẹ dàgbà á máa ṣọ́ ẹ lọ. Ara àwa náà le níbí, ewúrẹ́ wa ti bímọ, àgbàdo ni kò ṣe dáadáa.

Ọkọ̀ òfurufú tí o fi páálí tẹlifíṣọ̀n Àlàbá ṣe ti dé ọwọ́ mi. Dẹ́rẹ́bà tí o fi rán láti Ìyànà Ìbà rọra gbé e sọ̀ bí ẹyin. O ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí níbì kankan àfi nínú ìwé ìtàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi: bí kò bá sí níbì kankan, kí ni mo wá gbé dání? Bàbá Mùsítúrà, ará ilé kejì, bi mí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà, mo ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń fi sí i kẹ́yìn, kó fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo rí ìyá rẹ tí o fi páálí gé sí ìjókòó awakọ̀, tí o fi tàdáwà ya ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tilà tilà. Mo sunkún, ọmọ mi. O mọ̀ pé olóògbé ò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò rí títí ó fi kú.

O ní kí n gbé ọkọ̀ náà sínú yàrá, mi ò gbọ́. Mo ní ohun tó ń fò, ṣé a máa fi àjà bò ó lórí ni? Ìyá rẹ náà kì í fẹ́ ooru yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń sùn. Mo bá gbé wọn síta, mo fi okùn ewúrẹ́ so ọkọ̀ mọ́ igi kaṣú kó má baà fò lọ sóko olóko. Kò fò o, òjò ló rọ̀. Kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé, ọkọ̀ náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Kí òjò tó dé, mo ti kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò wọn fún ẹ, àmọ́ irùngbọ̀n tèmi ló kún inú fọ́tò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó dùn mí wọ eegun.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n gbé ìyá rẹ wá. Mo ti sá a sóòrùn, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ nìkan ló pa rẹ́. Mo fẹ́ fi èédú tún un yà fúnra mi, mo mú èédú dání títí, mi ò rántí bó ṣe rí mọ́.

Ọlọ́hun má jẹ́ kí ìwọ náà gbàgbé.

Èmi bàbá rẹ,
Àkànjí