Ìbéèrè Kẹrìnlá

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Lẹ́tà dé. Ọlọ́dún Méje ní kí Merin ọmọ mi wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò! Orúkọ tí mo sọ ilé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, torí ọdún méje péré ni: yunifásítì àti iṣẹ́ dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn, kò tún sí ìdánwò àárín ọ̀nà tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà sílé. Ẹgbẹ̀rún mélòó ló kọ̀wé. Àádọ́ta ni wọ́n pè. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa mú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún — Ọlọ́run mi.

Achayan, bàbá rẹ̀, ní àlùbọ́sà ló ń ta òun lójú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àlùbọ́sà ti tán nílé yìí.

Ọlọ́dún Mẹ́jọ, ilé ẹ̀kọ́ kejì tó kọ̀wé sí, kò tíì fèsì.

Àìkú, 12 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Lẹ́yìn ìsìn, níbi tíì, Ìyá Dókítà dúró tì mí. Valsamma lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni. (Nínú ìjọ àwa tí a sọdá òkun wá síbí, bí èèyàn bá ju òkúta sáàárín àwọn obìnrin, nọ́ọ̀sì ni yóò bà.) Àmọ́ láti ìgbà tí Jobin ọmọ rẹ̀ ti wọ irú ilé ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ju gbogbo wa lọ. Ó ní, "Sheeba, ẹnu ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ o. Ta ni kò ní máàkì nínú wọn?" Ó fún mi ní ìwé ìbéèrè tí Jobin fi kọ́ra. Ogójì ìbéèrè. Ó ní kí n má fi han ìyàwó Thampi, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń wá ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti fún ìyàwó Thampi.

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

A jẹ ẹ̀gẹ́ sísè àti ọbẹ̀ ẹja, a palẹ̀ mọ́, a bẹ̀rẹ̀. Merin ní èmi ni kí n máa béèrè, torí bàbá rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín. Mo wọ gíláàsì mi, mo fajú ro. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ó ń dáhùn bí omi. Mo dé ìkẹrìnlá. Mo ti kà á síta kí n tó mọ ohun tí mò ń kà: "Kí ló dé tí o kò kúkú ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Mo ti rí i nílé wa. Èmi fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu."

Mo ní ó dáa. Mo ní kó jókòó dáadáa, kó má fọwọ́ kan irun. Mo ka ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó dùn mí. "Mo ti rí i nílé wa."

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ẹsẹ̀ mi wú, ìdúró wọ́ọ̀dù ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ẹtì, 17 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Onírùngbọ̀n — dókítà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù wa — kọ abẹ́rẹ́ ìrora fún bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín bàbá náà sì ti ń bẹ̀bẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò gún un. Mo pe Onírùngbọ̀n, ó ní kí n gún un. Mo tún pè é, ó ní ọwọ́ òun dí. Ìgbà kẹta ló tó wo àbájáde ẹ̀jẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn. Ẹ ṣeun kò sí níbẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ, mo fi ata àti iyọ̀ sí i. Kí n sọ òótọ́: torí ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe ń ròyìn rẹ̀. Merin gbójú sókè. "Amma, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, òun ni ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

Bàbá rẹ̀ ní kó bu ọbẹ̀ sí i. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo bi Achayan bóyá ó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ nípa iṣẹ́ mi. Ó ní òun gbọ́. Ó ní, "Kí lo wá fẹ́ kó sọ? Kó ní bíi ti Amma lòun fẹ́ dà? Wọ́n á ní kó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń bí mi nínú sí ọkùnrin yẹn náà nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wákàtí mẹ́ta nínú yìnyín. Achayan, tó ń fi bọ́ọ̀sì ìlú gbọn èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wa ọkọ̀ tiwa bí ẹni gbé ẹyin. Merin wọ kóòtù dúdú. Ó lẹ́wà.

Wọ́n mú àwọn ọmọ lọ. Wọ́n kó àwa òbí sí yàrá kan, kọfí wà níbẹ̀ àti búrẹ́dì dídùn. Wọ́n ní kí kálukú sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàbá kan, dókítà ọkàn. Ìyá kan, dókítà àwọn ọmọdé. Ẹnjiníà kan, ṣe ló fẹ́ẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó kàn wá. Achayan sọ tirẹ̀ ketekete: "Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà." Èmi ní, "Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Dókítà àwọn ọmọdé yẹn rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ̀ka wo lẹ wà, Dókítà?" Mo ní ọ̀dọ̀ àwọn alárùn ọkàn àti ti kíndìnrín. Mo gbé kọfí mi, mo mu ún. Achayan wò mí. Ó bu búrẹ́dì jẹ, kò tú àṣírí mi. Ìwà rẹ̀ nìyẹn — Ọlọ́run bù kún un, Ọlọ́run má sì bù kún un.

Nígbà tí à ń bọ̀, Merin ní, "Wọ́n bi mí ní ti nọ́ọ̀sì yẹn." Mo ní, "O dáhùn?" Ó ní òun dáhùn, ó forí ti fèrèsé. Mi ò bi í síwájú. Èmi náà ní ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí.

Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀; ọjọ́ Ajé ni ìjọ tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí lẹ́tà.

Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Ọlọ́dún Mẹ́jọ: rárá. Wọn ò tilẹ̀ pè é wá rí. Ó ku ẹyọ kan.

Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà

Ọlọ́dún Méje: rárá.

Ó kà á lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ilé ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò mú mi," bí ẹni ń sọ pé búrẹ́dì ti tán. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi. Ogójì ìṣẹ́jú. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tí à ń sọ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mo ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ọmọ mi.

Àìkú, 30 Ẹrẹ́nà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Dókítà pè. Ó ní ètò Ọlọ́run ló dáa jù. Mo ní àmín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bú u ní èdè mẹ́ta.

Àbámẹ́ta, 12 Igbe

Merin ṣì ń wá ṣe ìrànwọ́ ní wọ́ọ̀dù wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ń pín omi fáwọn aláìsàn. Torí kó lè kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ti tán, mo rò pé yóò jáwọ́. Kò jáwọ́.

Ìyá Petrakis, aláìsàn wa kan, kú lónìí, láago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Dókítà wá, ó wo aago, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ. Mo yọ àwọn rọ́bà tí wọ́n fi sí i lára. Mo nu ojú rẹ̀, mo ya irun rẹ̀, mo dá eyín àtọwọ́dá rẹ̀ padà sẹ́nu kí ọmọ rẹ̀ lè dá a mọ̀. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo yíjú — Merin wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi. Mi ò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

Àìkú, 20 Igbe

Ọdún Àjíǹde. A jẹ ẹran. Merin jẹ díẹ̀.

Àbámẹ́ta, 26 Igbe

Ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú wa lórí tábìlì. Yunifásítì ìpínlẹ̀ fún un láyè méjì: bayọ́lọ́jì, tí yóò fi tún gbìyànjú dókítà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àti nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí Ọjọ́bọ̀ tó parí. Ó ní, "Amma, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ mú."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyí: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí o máa kó ìgbẹ́ ẹlòmíì, kí ọmọ àná máa pariwo lé ẹ lórí? Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọdá òkun?"

Achayan pa tẹlifíṣọ̀n. Merin kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn." Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè kẹrìnlá, èsì tí a kọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ digbí, ó kọ̀, kò jáde. Ó wá sọ ti bàbá bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án fún wọn. Ó sọ ti ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí o ò ṣe ti ìyá rẹ?" Ó ní òun ò mọ̀, òun ò tíì rí ìdí kan tó dáa. Ẹnì kan nínú wọn kọ nǹkan sílẹ̀.

"Bóyá ìyẹn ni wọn ò ṣe mú mi. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀, Amma."

Àsìkò yẹn náà gan-an ni èmi wà ní yàrá kejì tí wọ́n ń pè mí ní Dókítà.

Àìkú, 27 Igbe

Mo sọ ti "Dókítà" yẹn fún un. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n má baà rí ojú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Kọfí yẹn ńkọ́, ṣé ó dùn?" Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kò dùn. Ó ní, "Ó dáa," ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 1 Èbìbí

Ó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Nọ́ọ̀sì. Achayan ra kéèkì. Ní wọ́ọ̀dù, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń hó yèè. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Inú mi ò dùn. Kí n má parọ́ níbí tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà á. Ọmọ mi wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́, inú mi ò sì dùn. Ojú ń tì mí.